Bí Ìgbóná Ṣe Ń Da Ìyípo Òòfà Tíntìntín Rú

Ohun èlò tí a ń pè ní spin-torque nano-oscillator kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Òòfà pẹlẹbẹ méjì ló wà nínú rẹ̀, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í ṣe òòfà ló sì là wọ́n láàárín. Ní ọdún 1996, onímọ̀ físíìsì méjì, John Slonczewski àti Luc Berger, fi ìṣirò hàn, oníkálukú lọ́tọ̀, pé bí iná mànàmáná bá gba inú òòfà kìíní kọjá, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀, ìyẹn àwọn ohun tíntìntín tó ń gbé iná, yóò gbé agbára ìyípo lọ bá èkejì, èyí tí yóò mú kí ibi tí òòfà kejì yìí kọjú sí máa fì yípo bí òkòtó. Ní 2003, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà wọn ìgbì tí irú òòfà bẹ́ẹ̀ ń gbé jáde: ó ń yí ní ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú ìgbì yìí wúlò fún ẹ̀rọ rédíò, bí ó bá lè dúró lójú kan.

Ìgbóná ni kì í jẹ́ kó dúró. Òótọ́ ni pé ìgbóná ń dín agbára òòfà kù, ṣùgbọ́n kóbáltì, irú irin òòfà kan, kì í pàdánù òòfà rẹ̀ pátápátá àfi tí ìgbóná bá kọjá ìwọ̀n 1,100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà ìyẹn kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ bà wá lẹ́rù. Ìgbọ̀npẹ̀pẹ̀ àwọn átọ́ọ̀mù ni ìṣòro gan-an, nítorí ó ń ti òòfà síhìn-ín sọ́hùn-ún láìlétò, òòfà tíntìntín kò sì ní ara tó lè fi gbà á. Èyí tó wá burú jù ni pé, nínú ohun èlò yìí, bí òbìrí tí òòfà ń yí ṣe fẹ̀ tó ló ń pinnu bí ó ṣe ń yára tó. Nígbà tí ìgbóná bá mú òbìrí náà fẹ̀ tàbí súnkì díẹ̀, ìyára rẹ̀ yóò yí padà, ìgbì tó yẹ kó mú ṣánṣán yóò sì di aláìdúrósójúkan.

Bí a bá mú un tutù, ìgbì náà a máa já geere sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbé hílíọ́mù olómi, tí a fi ń mú nǹkan tutù gan-an, sínú fóònù. Ní tèmi, ó sàn kí a lo òòfà tó fẹ̀ díẹ̀, tí ibi tí òòfà rẹ̀ kọjú sí ń yí bí ààjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyára rẹ̀ kò tó ti àwọn yòókù, tàbí kí a so ọ̀pọ̀ wọn pọ̀ kí wọ́n lè máa yí ní ìṣọ̀kan.

Kí olùrà sì fi sọ́kàn pé iná tó ń yí òòfà náà ló tún ń mú un gbóná, nítorí náà ìwọ̀n ìgbóná tí a kọ sára ìwé ohun èlò lè rẹlẹ̀ ju ti inú rẹ̀ lọ.