Fóltéèjì nínú overclocking kọ̀ǹpútà

Overclocking ni mímú prósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà sáré ju iye tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é là sílẹ̀ fún un. Eré àfikún yìí sábà máa ń béèrè fóltéèjì àfikún, fóltéèjì yìí náà ló sì ń tètè ba prósẹ́sọ̀ jẹ́ bí wọ́n bá ṣì í lò. Eré nìkan kì í sábà pa á: bó bá pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà á kàn dákú, á sì tún jí tí wọ́n bá dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀.

Fóltéèjì tí à ń sọ yìí kì í ṣe ti sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Pọ́wà sọ́pùláì inú kọ̀ǹpútà máa ń sọ 230 fóltì ògiri di 12. Àwọn èròjà tí wọ́n tò yí prósẹ́sọ̀ ká lórí motherboard (pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́), tí wọ́n ń pè ní VRM, á tún fà á wálẹ̀ sí bíi 1 sí 1.4. Èyí tó ń wọ inú prósẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pè ní Vcore.

Inú prósẹ́sọ̀ kún fún àìmọye transistor, ìyẹn swíìṣì tíntìntín, tó ń ṣí tó ń pa bí aago rẹ̀ ṣe ń lù. Ní 4.5 GHz, aago náà ń lù nígbà bílíọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Transistor tí kò bá tíì yí tán kí aago tó tún lù yóò gbé èsì òdì jáde. Windows á gbé ojú búlúù síta, tàbí kí ẹ̀rọ pa ara rẹ̀ kó tún tàn. Bí fóltéèjì bá ga sí i díẹ̀, transistor á tètè yí.

Ooru ló ń tẹ̀ lé e. Bí eré bá ṣe pọ̀ tó ni iná tí prósẹ́sọ̀ ń jẹ ṣe ń pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ti fóltéèjì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí fóltéèjì lọ́nà fóltéèjì ni ìṣirò rẹ̀. Ká mú prósẹ́sọ̀ tó ń jẹ 100 wáàtì ní 4.0 GHz àti 1.20 fóltì. Bó bá di 4.5 GHz ní 1.35 fóltì, eré fi 12.5% lé sí i, ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ á di nǹkan bí 142 wáàtì, láì tíì ka èyí tó ń jò dànù.

Nínú BIOS, ìyẹn ojú ìwé ètò tó wà lórí motherboard tí wọ́n lè ṣí kí Windows tó wọlé, ẹni tó bá yan "fixed" ń so Vcore mọ́ iye kan, yálà ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ń sinmi. "Offset" ń fi kún ohun tí prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ béèrè, tàbí kó yọ kúrò nínú rẹ̀. "Adaptive" ti Intel ń fi àfikún sílẹ̀ di ìgbà tí eré bá ga. Fixed dára fún ìdánwò. Fún ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, méjì yòókù ló sàn. "Auto" gba ìṣọ́ra, torí ọ̀pọ̀ motherboard ló máa ń da fóltéèjì sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Iye tí wọ́n kọ sínú BIOS kì í sì í ṣe iye tó ń dé inú prósẹ́sọ̀. Bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, Vcore á rọ̀, bí omi ẹ̀rọ ṣe ń rọ̀ nígbà tí gbogbo ilé bá jọ ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Vdroop ni wọ́n ń pe èyí. Ètò load-line calibration (LLC) ló ń dín in kù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé LLC dé góńgó, fóltéèjì máa ń fò sókè fún ìgbà díẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà tí iṣẹ́ bá kúrò, ó sì lè fò kọjá iye tí wọ́n kọ. Ìpele àárín ló bójú mu jù.

Ìbàjẹ́ tí fóltéèjì ń fà kì í sábà hàn lójú ẹsẹ̀. Fóltéèjì gíga pẹ̀lú ooru máa ń jẹ transistor díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀ yóò fi máa béèrè fóltéèjì sí i kó tó lè sáré bíi ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà mìíràn ó máa ń yára ṣẹlẹ̀. Ní 2023, àwọn prósẹ́sọ̀ Ryzen 7000 ti AMD kan jóná nítorí SoC voltage (fóltéèjì apá prósẹ́sọ̀ tó ń bá mẹ́mọ́rì ṣiṣẹ́) tó ga jù, èyí tí àwọn motherboard kan ń gbé sókè nígbà tí wọ́n bá tan EXPO, ètò AMD tó ń mú mẹ́mọ́rì sáré sí i. AMD wá fi òté lé e ní 1.3 fóltì. Ní 2024, Intel sọ pé prósẹ́sọ̀ ìran 13 àti 14 rẹ̀ ń béèrè fóltéèjì tó pọ̀ jù, títí kan èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe overclocking fún. Microcode 0x129, ìyẹn àtúnṣe sọ́fítíwià fún prósẹ́sọ̀, tó jáde lóṣù kẹjọ ọdún náà kò jẹ́ kí ìbéèrè yẹn kọjá 1.55 fóltì mọ́. Kò lè tún èyí tó ti bàjẹ́ ṣe, Intel sì fi ọdún méjì kún wáráǹtì wọn.