Stem Cell Kì í Sábà Di Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Fúnra Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí wọ́n bá ti fi stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn, sí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́, sẹ́ẹ̀lì náà á yíra padà di iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn tó ń tajà lórí WhatsApp tiẹ̀ ti sọ ọ́ di ìyẹ̀fun ápù àti gíréèpù tí wọ́n ń tà fún alátọ̀gbẹ. Ìyẹn á dà nínú ikùn bíi oúnjẹ yòókù ni, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Stem cell tòótọ́ gan-an, èyí tí wọ́n fà láti inú mùdùnmúdùn egungun tàbí ọ̀rá abẹ́ awọ, kì í sábà ṣe ohun tí wọ́n rò pé ó ń ṣe.

MSC ni wọ́n ń pè é. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Arnold Caplan, ló sọ ọ́ ní mesenchymal stem cell ní 1991. Òun kan náà ló kọ̀wé ní 2017 pé kí wọ́n yí orúkọ náà padà, torí pé iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ara ni kó máa tú oògùn jáde, kó máa ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bá lára. Iṣẹ́ tó ń rán ni àwọn pírótéènì bíi VEGF, FGF-2 àti HGF, tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ìtòsí yọ ẹ̀ka. Ní 2004, àwọn olùwádìí gún omi tí wọ́n ti tọ́ MSC nínú rẹ̀ sí ẹsẹ̀ eku tí wọ́n ti dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan nínú omi náà, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ṣàn padà dáadáa ju ti eku tí wọn ò fún lọ.

Scaffold wá ńkọ́, ohun oníhò bíi fóòmù tí wọ́n ń gbin sẹ́ẹ̀lì sí? Àwọn kan rò pé àpò tí wọ́n fi gbé e lásán ni. Rárá o. Èyí tó pọ̀ jù nínú MSC tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún síbi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, torí kò rí ibi dì mú, ọ́síjìn ò sì tó o. Láti ara iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré, ọ́síjìn kì í rìn ju maikiromítà 100 sí 200 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún milimítà kan péré. Ẹni tó bá ṣe scaffold tó nípọn tó milimítà 5, tó kó sẹ́ẹ̀lì kún un bámúbámú, àárín rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kú.

Gbígbìn rẹ̀ náà ní ọgbọ́n. Bó bá jẹ́ PLGA, irú ike kan tó ń yọ́ nínú ara, ni wọ́n fi ṣe scaffold náà, omi kì í fẹ́ wọnú rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ rì í sínú ẹtánọ́ọ̀lù 70% kí afẹ́fẹ́ inú ihò lè jáde, wọ́n á fi omi iyọ̀ PBS ṣàn án léraléra, wọ́n á sì fi í sínú omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì mọ́jú. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó kán sẹ́ẹ̀lì sí i, nínú omi tí kò ju ohun tó lè fà mu lọ, wọ́n á gbé e sí 37°C fún bíi wákàtí 2 sí 4 kí wọ́n tó bu omi oúnjẹ tó kù sí i. Ẹni tó bá kánjú bu omi, ìsàlẹ̀ abọ́ ni sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa lẹ̀ mọ́. PLGA kò sì gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ ooru 121°C o. Á rọ̀, ihò rẹ̀ á dí.

Fibrin, ohun tí ẹ̀jẹ̀ wa fi ń dì, tí wọ́n tún ń fi ṣe scaffold, kì í dá irú wàhálà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́. Bó bá ṣàn jù, sẹ́ẹ̀lì á fà á ká jọ, á sì tètè yọ́. Bó bá ki jù, ẹ̀ka iṣan kò ní ráyè gbà kọjá. Fibrinogen, èròjà tó ń di fibrin, mílígíráàmù 2.5 sí 10 nínú mílílítà kan dára láti fi bẹ̀rẹ̀.

VEGF púpọ̀ kọ́ ló sì ń mú iṣan dáa. Bó bá ya lẹ́ẹ̀kan náà, iṣan wíwú tó ń jò ló máa ń hù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, mọ́ scaffold, kó lè di VEGF mú, kó máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì tó ń di iṣan wà lóòótọ́: endothelial, èyí tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ní 2005, Shulamit Levenberg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbìn ín pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹran ara àti fibroblast, sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe okùn tó so ara pọ̀, sínú scaffold, iṣan sì hù nínú láàbù kó tó wọ ara eku. Bí MSC bá wà nínú irú àdàlù bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn iṣan ló sábà máa ń lẹ̀ mọ́, tó ń dì í mú kó má baà wó.

Bí ẹnì kan bá wá fi àwòrán iṣan tuntun hàn yín, ẹ béèrè irú àwọ̀ tí wọ́n fi kùn ún. CD31 ni àmì tó wà lára sẹ́ẹ̀lì endothelial. Bí wọ́n bá gbin sẹ́ẹ̀lì ènìyàn sára eku, CD31 ti ènìyàn nìkan ló máa fi hàn bóyá sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbìn ló di iṣan, tàbí ti eku ló wọlé wá. Bó bá jẹ́ MSC nìkan ni wọ́n gbìn, ti eku ló sábà máa ń pọ̀ jù. CD31 kò sì sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀. Lectin tó ń tàn, pírótéènì tó ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n gún sí iṣan ìrù eku nígbà tó ṣì wà láàyè, ló ń sọ ìyẹn: iṣan tí kò bá tàn, ẹ̀jẹ̀ kò dé inú rẹ̀.