Kí Ni Òwìwí Ń Wá Lórí Owó? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Owó Àtijọ́

Àbúrò kan ládùúgbò wa níbí ní Àjàṣẹ́, tó ń ta aṣọ ní ọjà Wàǹdó, gbé àpò awọ kékeré kan wá bá mi. Ìyá wọn àgbà ló kú ní Kétu. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù, aṣọ lọ, ìlẹ̀kẹ̀ lọ, abọ́ tánganran lọ, kò sẹ́ni tó nawọ́ sí àpò náà. Òun ló bá mú un. Okùn owó ẹyọ kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú owó onírin mẹ́ta tó fúyẹ́ tí orí ẹranko wà lára wọn, àti owó sẹ́fà àtijọ́ díẹ̀. Ó tún mú owó ńlá kan tó ní àwòrán òwìwí wá, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin rà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tó tà á ní ti ilẹ̀ Gíríìkì ni, pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó owó àtijọ́ jọ. A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń bi mí, mo ń dá a lóhùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ torí mo mọ̀ pé irú àpò bẹ́ẹ̀ wà nílé ọ̀pọ̀ nínú yín, nísàlẹ̀ àpótí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹranko wo ló wà lára èyí tó fúyẹ́ bí ewé yìí? Obìnrin tó hu ìyẹ́ lórí ńkọ́?

Ìdáhùn: Egbin ni, ẹranko tí a máa ń fi ẹwà rẹ̀ ṣe àkàwé. Fráǹkì kan ti ọdún 1948 ni owó náà. Irin tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ìrẹsì ni wọ́n fi ṣe é, ìdí tó fi fúyẹ́ nìyẹn. Ka lẹ́tà ara rẹ̀: AFRIQUE OCCIDENTALE FRANÇAISE. Orúkọ tí àwọn Faransé sọ gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n gbà lápá ibí nìyẹn, Dahomey tiwa, tó ń jẹ́ Benin lónìí, náà sì wà nínú rẹ̀. Obìnrin yẹn kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ìjọba Faransé fúnra rẹ̀ ni wọ́n yà bí obìnrin, Marianne ni wọ́n ń pè é. Lucien Bazor, olórí àwọn tó ń gbẹ́ àwòrán owó ní Paris nígbà náà, ló gbẹ́ ẹ.

Nígbàkígbà tí mo bá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ohun kan ni mo máa ń rí. Ẹni tó gba ilẹ̀ wà ní ojú kan, ohun tó bá lórí ilẹ̀ wà ní ojú kejì. Àwọn tó ń fi owó náà ra gàrí àti iyọ̀ kò sí níbì kankan. Ẹranko igbó ni wọ́n fi dúró fún wa. Ó dùn mí, síbẹ̀ n kò lè ta tèmi, torí kò sí ìwé ìtàn tó sọ ọ́ fún mi kedere tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di pé ilé ìfowópamọ́ àgbà, BCEAO, ló ń ṣe owó wa, obìnrin náà kúrò. Egbin dúró ní tirẹ̀. Yọ 5 fráǹkì nínú àpamọ́wọ́ rẹ, kí o wò ó.

Ìbéèrè: Ẹja yìí ló wá gba ipò obìnrin náà? Orí gbogbo owó sẹ́fà ló wà, àmọ́ n kò rí i lọ́jà rí.

Ìdáhùn: Bóyá ni wàá fi rí i. Ẹja tí imú rẹ̀ gùn tí eyín sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì bí ayùn ni. Ó ti wà ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dáadáa rí, a máa wọ ẹnu odò àti ọ̀sà. Ayùn yẹn gan-an ló kó bá a: bí àwọ̀n bá ti kọ́ ọ, kò lè já bọ́ mọ́. Lónìí ó wà lára àwọn ẹja tó sún mọ́ àparun jù lọ láyé.

Àmọ́ sún mọ́ ọn, kí o wò ó dáadáa. Ṣé o rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ẹja? Ó rí gbọọrọ, ó ní igun, ara rẹ̀ kún fún ilà. Òṣùwọ̀n ni wọ́n yà. Láyé àtijọ́, eruku wúrà ni àwọn Akan ti ilẹ̀ Ghana àti Côte d'Ivoire fi ń nájà. Idẹ kéékèèké ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n á fi ìda mọ àwòrán ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda náà kúrò, wọ́n á da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ló ní òwe tirẹ̀. Èyí tó jẹ́ ẹja oníayùn ni BCEAO mú ṣe àmì, pé ó dúró fún ìbísí àti ọrọ̀. Ohun tí àwọn àgbà fi ń wọn owó ló wá di àwòrán ara owó.

Ó rán mi létí ìlú Cyrene, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Libya lónìí. Ewéko kan hù níbẹ̀, silphium, tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ tí wọ́n sì fi ń wo àìsàn. Òun ló sọ ìlú náà di ọlọ́rọ̀, wọ́n wá ya igi rẹ̀ sórí owó fàdákà wọn. Kò gbà kí wọ́n gbin òun sóko, inú igbó nìkan ló ti ń hù. Wọ́n já a, já a, títí Pliny ará Róòmù fi kọ̀wé pé ẹyọ igi kan ṣoṣo ni wọ́n rí nígbà ayé òun, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Ọba Nero. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ewéko náà ti rí lónìí, orí owó náà ni yóò lọ. Ẹ̀rù ń bà mí kí ó má lọ rí bẹ́ẹ̀ fún ẹja wa.

Ìbéèrè: Èyí ló ń bà mí lẹ́rù láti fọwọ́ kàn. Ta ló máa fẹ́ kí òwìwí bá òun lọ sọ́jà?

Ìdáhùn: Mo mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Nílé wa, bí òwìwí bá ké lórí òrùlé lóru, àwọn àgbà á jí. Ní Athens, ìlú ilẹ̀ Gíríìkì tó ni irú owó yìí, ẹyẹ Athena ni, òrìṣà obìnrin tó ni ìlú náà, tó ni ọgbọ́n, tó sì ni ogun. Orí rẹ̀ ló wà níwájú owó, ó dé akoro ogun. Òwìwí wà lẹ́yìn, ó kọjú sí ọ gbọnrangandan pẹ̀lú ojú rogodo méjì. Ẹ̀ka igi ólífì wà lẹ́yìn orí rẹ̀, pẹ̀lú oṣù kékeré. Lẹ́tà mẹ́ta tó wà níbẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú náà. Àwọn ará ibẹ̀ kì í tilẹ̀ pe owó náà ní owó, “òwìwí” ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní ẹnì kan “ń kó òwìwí lọ sí Athens”, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń pọn omi lọ tà létí ọ̀sà.

Fàdákà rẹ̀ wá láti ibi ìwakùsà Laurion, nítòsí ìlú náà. Lọ́dún 483 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n ń jiyàn lórí fàdákà púpọ̀ tó ti ibẹ̀ jáde. Àwọn kan ní kí wọ́n pín in fún ará ìlú. Themistocles, aṣáájú kan nínú wọn, ní rárá, kí wọ́n fi kan ọkọ̀ ogun. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi ṣẹ́gun Páṣíà lójú omi ní Salamis. Ìtàn tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn nìyẹn. Èyí tí n kì í gbàgbé ni pé ẹrú ló ń rá wọ inú ihò tóóró lọ wa fàdákà náà, pẹ̀lú àtùpà kékeré lọ́wọ́. Ọmọ Kétu kò gbọ́dọ̀ fò ó kọjá, torí ìlú tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1886 ni Kétu.

Ìbéèrè: Ṣé ojúlówó wá ni èyí tí ẹ̀gbọ́n mi rà?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò. O ní alágbẹ̀dẹ wúrà bá ọ wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ gíráàmù 11. Ojúlówó rẹ̀ lé díẹ̀ ní gíráàmù 17, àwọn ará Athens kì í sì fi ìwọ̀n ṣeré. Dà á sí ẹ̀gbẹ́ báyìí, kí iná mọ́lẹ̀ sí etí rẹ̀. Ṣé o rí ilà tín-ín-rín tó yí i ká? Ibi tí ojú méjèèjì ohun tí wọ́n fi dà á ti pàdé ni. Wo ìdí ojú òwìwí náà: ihò wínníwínní kún ibẹ̀ bí ara àkàrà. Afẹ́fẹ́ ló há sínú irin nígbà tí wọ́n ń dà á. Wọn kì í da ojúlówó. Wọ́n á ki fàdákà nínú iná, wọ́n á gbé e sórí irin tí wọ́n ti gbẹ́ àwòrán sí, wọ́n á gbé irin kejì lé e, wọ́n á fi òòlù lù ú. Ìdí nìyẹn tí ìrù òwìwí mìíràn fi gé, tí etí owó mìíràn sì sán.

Kí ẹ̀gbọ́n má rà lẹ́bàá ọ̀nà mọ́. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ ní ojúlówó ni, tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wú u nílẹ̀, kó má rà á. Ìtàn ibi tí wọ́n ti wú u ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí àwọn ọba wọn fi ń ya ojú ara wọn sórí owó?

Ìdáhùn: Wọn kò tètè dá a láṣà. Òrìṣà ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà. Ní Róòmù, Julius Caesar ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ya ojú rẹ̀ sórí owó ìlú náà nígbà tó ṣì wà láàyè, lọ́dún 44 ṣáájú ìbí Jésù. Ní March ọdún yẹn, wọ́n gún un pa. Brutus tó wà nínú àwọn tó pa á wá ṣe owó tirẹ̀: ojú òun náà níwájú, ọ̀bẹ méjì àti fìlà ẹrú tó gba òmìnira lẹ́yìn, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n pa á. Ní Aksum, ní ilẹ̀ Ethiopia àti Eritrea, ọba wọn Endubis ti ń ṣe owó tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 270 lẹ́yìn ìbí Jésù. Oṣù àti òòrùn ló wà lórí i rẹ̀. Nígbà tí Ọba Ezana di Krìstẹ́nì, àgbélébùú rọ́pò wọn. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà ààfin rí, inú ọjà ló ti máa mọ̀ pé ọba ti pa ẹ̀sìn dà.

Ní tiwa, bí ọba bá dé adé ńlá, ìlẹ̀kẹ̀ á bo ojú rẹ̀. Owó tí ojú ọba wà lára rẹ̀ ì bá ṣàjèjì sí àwọn baba wa.

Ìbéèrè: Ṣé ìdí nìyẹn tí owó ẹyọ kò fi ní àwòrán kankan?

Ìdáhùn: Òkun ló ṣe é, kò sọ́ba tó ṣe é. Kò sẹ́ni tó lè rọ ayédèrú rẹ̀, kì í jẹrà, ó sì rọrùn láti kà. Ogójì ni okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, ẹrù tó ń wọ ọmọkùnrin lọ́rùn. Títí dòní, “ọ̀kẹ́ kan” là ń pe iye yẹn, àwọn tó ń pè é kò sì rántí àpò mọ́.

Erékùṣù Maldives ní Òkun Índíà ni wọ́n ti ń kó wọn. Ọkọ̀ á gbé wọn lọ sí Amsterdam àti London, á sì tún gbé wọn wá sí Wídà, wọ́n á fi ra ènìyàn. Mi ò lè bò ó mọ́ ọ lójú.

Wo tìrẹ. Oríṣi méjì ló wà lórí okùn kan náà. Èyí tó ní kókó létí ni ti Maldives. Èyí tó rí róbótó tó sì tóbi díẹ̀ ti Zanzibar wá. Láti nǹkan bí ọdún 1845, àwọn oníṣòwò Hamburg kó irú kejì yìí wá lọ́pọ̀ yanturu, ẹyọ bá di ọ̀pọ̀, iye rẹ̀ sì já. Nígbà tí àwọn Faransé tún ní fráǹkì làwọn ń fẹ́ fún owó orí, ẹni tó kó ọ̀kẹ́ ẹyọ pamọ́ sábẹ́ ibùsùn jí, kò rí nǹkan kan rà.

Ìbéèrè: Ṣé kí n fọ̀ wọ́n? Ṣé wọ́n á pé mi?

Ìdáhùn: Má fọ̀ wọ́n. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bọ owó idẹ kan tí bàbá mi fún mi. Ó dán, àmọ́ ìwo egbin náà wọ́ lọ, n kò sì rí owó bàbá mi mọ́. Fi aṣọ rírọ̀ nu eruku wọn, ó tó. Àwọn owó 1948 kò ní mú owó gidi wá, wọ́n ṣe wọn lọ́pọ̀lọpọ̀. Kó ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú bébà gbígbẹ, má fi ọ̀rá dì í. Kọ orúkọ ìyá àgbà sí bébà náà, àti Kétu, àti ọdún tí o gbà á.

Okùn ẹyọ yẹn ńkọ́, a ti jọ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ogójì ni, kò dín, kò lé. Má tú u.