Owó ilé Mararaba àti owó ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé e

Wọ́n máa ń ní gbígbé Mararaba, ẹ̀gbẹ́ Àbújá, pọ́ọ́kú. Ìpínlẹ̀ Nasarawa ni Mararaba wà, kì í ṣe ara FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú Àbújá, rárá. Òfin ọdún 1976 tó dá Àbújá sílẹ̀ sọ gbogbo ilẹ̀ inú FCT di ti ìjọba àpapọ̀, àmọ́ kò kan ilẹ̀ Mararaba. Onílẹ̀ ń tà, ẹni tó rà ń kọ́lé, ilé sì fún mọ́ra. Nígbà tí olú-ìlú kúrò ní Èkó ní December 1991, òṣìṣẹ́ tẹ̀lé e. Ilé wíwó ìgbà tí El-Rufai jẹ́ mínísítà FCT, 2003 sí 2007, tún ti ọ̀pọ̀ ayálégbé jáde nínú ìlú.

Owó ilé Mararaba kéré sí ti Wuse tàbí Garki, inú Àbújá gan-an, fíìfíì. Ṣùgbọ́n iye tí ajẹ́ńtì kọ́kọ́ pè kọ́ ni iye tí èèyàn máa san. Ká ní rúùmù àti pálọ̀ kan jẹ́ 500,000 náírà lọ́dún. Ajẹ́ńtì á gba 50,000, lọ́yà tó kọ àgíríméǹtì á gba 50,000. Bí onílé bá tún béèrè 50,000 fún káṣọ̀n, ìyẹn owó tó ń dì mú nítorí ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé, ó ti di 650,000 kí ẹnikẹ́ni tó gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé. Owó káṣọ̀n yẹn, wọ́n ní wọ́n máa ń dá a padà.

Ká tún ní irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ 1,500,000 nínú ìlú. Mílíọ̀nù kan ló wà láàárín wọn. Bí ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, láti Mararaba gba Nyanya já sí oríta AYA nínú ìlú, bá jẹ́ 2,500 lójúmọ́, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ 22 lóṣù á ná 660,000 lọ́dún. Ó ṣì jèrè 340,000. Bí tọkọtaya bá jọ ń wọ ọkọ̀, ó di 1,320,000, èrè ti wọmi. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yìí: kì í wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, tiẹ̀ pọ́ọ́kú lóòótọ́.

Kí ló dé tí tọkọtaya náà kò kó wọ ìlú? Onílé ń gba owó ọdún kan gbáko, awakọ̀ ń gba tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé owó ilé tí èèyàn ti san kì í yí padà títí ọdún á fi yípo, àmọ́ owó ọkọ̀ lè gbéra nígbàkigbà. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, owó ọkọ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ilé tí kò ní kànga tàbí bóhóòlù, mẹ̀rúwà ló ń fi ọmọlanke ti omi wá, kẹ́ẹ̀gì lítà 20 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ọjà wọn ń tà. Bí òjò bá dé, garawa á tò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.

Oúnjẹ ni Mararaba ti ń gba ẹ̀san. Títì Keffi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rẹ̀ ń bí èèyàn nínú láàárọ̀, òun náà ló ń gbé iṣu láti Lafia àti Benue wá, Mararaba ló sì ń kàn kó tó dé inú ìlú. Èlùbọ́ ní tiẹ̀ ti rìn jìnnà láti Ọ̀yọ́ tàbí Kwara kí wọ́n tó fi mudu, abọ́ ìwọ̀n ọjà, wọ̀n ọ́n, owó ìrìnàjò yẹn sì wà lórí ẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń jẹ àmàlà lójoojúmọ́ kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ẹ̀dínwó, àfi bí wọ́n bá gbà láti máa gún iyán.