Ìmúdúró òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe ìdádúró

Lọ́dún 2024, ní ilé búrẹ́dì kan n'Íbàdàn, ọ̀gá lẹ ìwé kan mọ́ ògiri níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pààrọ̀ aṣọ. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́: "Ètò ìdádúró àwọn òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀." Ohun tó wà lọ́kàn ọ̀gá ni pé òun fẹ́ fi nǹkan kún owó àwọn tó dáńtọ́, kí wọ́n má baà lọ. Ohun tí gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá kà níbẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ ní kí àwọn tó dáńtọ́ lọ jókòó sílé. Ọkùnrin tó ń po ìyẹ̀fun, ẹni tó jẹ́ pé àtàǹpàkò ló fi ń tẹ̀ ẹ́ wò tí á sì mọ̀ bóyá ó ti wú tó, kò dúró bi ẹnikẹ́ni léèrè. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí ó ti gba iṣẹ́ síbòmíràn. Èmi ni wọ́n pè wá tún ìwé náà kọ, ẹ̀pa ò sì bóró mọ́.

Ìdí tí inú fi ń bí mi nìyẹn tí wọ́n bá fi "ìdádúró" túmọ̀ "retention" tí àwọn ọ̀gá ń wí, ìyẹn kí òṣìṣẹ́ tó dáńtọ́ má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Sọ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá pé wọ́n dá bàbá rẹ̀ dúró níbi iṣẹ́, kó o wò ó bóyá á jó. Ọ̀rọ̀ yẹn ti lọ sílé ọkọ tipẹ́, gbogbo ìlú ló sì mọ ọkọ rẹ̀: kí wọ́n ní kí èèyàn má wá síṣẹ́ mọ́, fúngbà díẹ̀ tàbí títí láé. A ò lè tún fà á fún ẹlòmíràn kí ilé má dàrú. Àwọn agùnbánirọ̀ tiẹ̀ gbọ́n jù wá lọ. "Wọ́n rítéènì mi" ni wọ́n ń wí. Kò dùn létí, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò ní tìtorí rẹ̀ sunkún.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ èdè ní "ìpamọ́ òṣìṣẹ́" ló yẹ, pé ṣebí a máa ń pa owó mọ́. Mo ní kó lọ sọ ọ́ lórí rédíò. "Bí a ṣe lè pa òṣìṣẹ́…" kó tó débi "mọ́", àwọn èèyàn ti figbe ta. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí a bá pa mọ́, a fi pamọ́ ni. Ta lẹ ń fi òṣìṣẹ́ pamọ́ fún, agbowó-orí? Àwọn kan tún ní "ìdìmú". Olè là ń dì mú. Ìwọ̀fà ni wọ́n sì ń dì mú láyé àtijọ́ títí gbèsè á fi tán, a ò sì gbọ́ pé ìwọ̀fà kan fẹ́ràn oko olówó rẹ̀.

Ìmúdúró ni tèmi, mi ò sì hùmọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì. Tí iṣẹ́ kan bá ń ni ẹnìkan lára, tó ń ráhùn lójoojúmọ́ tí kò sì lọ, kí là ń bi í? "Kí ló tún mú ẹ dúró níbẹ̀?" Ẹ wo ìbéèrè yẹn dáadáa. A ò ní ta ló mú ẹ dúró, kí ló mú ẹ dúró la wí. Nínú "dá dúró", ọ̀gá ló ń ṣiṣẹ́, òṣìṣẹ́ kàn ń wòran ni. Nínú "mú dúró", nǹkan kan tó wà nínú iṣẹ́ náà ló ń ṣe é, ìyẹn nǹkan tí ẹni náà fúnra rẹ̀ rí tó fi ní òun ò lọ. Nǹkan náà ni mo ń pè ní amúnidúró. Bó bá jẹ́ owó ni, owó amúnidúró. 

Bàbá mi àgbà sin ẹyẹlé. Abẹ́ òrùlé ni wọ́n so agbọ̀n tí wọ́n ń sùn sí mọ́, kò sì sí okùn lẹ́sẹ̀ ìkankan. Wọ́n á fò lọ láàárọ̀; tí oòrùn bá ń wọ̀, bàbá á da ẹ̀kúnwọ́ méjì ọkà bàbà sílẹ̀, gbogbo wọn á balẹ̀ gìdìgìdì. Ará ilé kejì ní tirẹ̀ ń gé ìyẹ́ apá ẹyẹlé kí wọ́n má baà lọ. Wọn ò lọ lóòótọ́. Ológbò jẹ méjì, nígbà tí ìyẹ́ àwọn tó kù hù tán, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n gbà. (Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń gba ìwé ẹ̀rí òṣìṣẹ́ sínú dúrọ́ọ̀ yín, ẹ ti gbọ́.) Lọ́dún tí ọkà wọ́n, ẹ̀kúnwọ́ méjì di ààbọ̀, ṣùgbọ́n bàbá ò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kó tó dà á. Àkókò yẹn gan-an ni ẹyẹlé mọ̀. Ìwọ̀nba owó tó wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n dá mú èèyàn dúró ju ìlérí ńlá lọ.

Ọ̀gá ló sì máa ń fẹ́ràn òwe yẹn tí ọwọ́ bá há: ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó dọjọ́ ikú kó yẹrí. Ó dáa. Jíjẹ ló ṣáájú nínú òwe náà, mímu tẹ̀ lé e. Ìgbà wo lẹ bá wọn jẹ?

Ọwọ́ há lóòótọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, lítà kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Iye owó oṣù tó wà nínú ìwé ò yí, owó ọkọ̀ ló jẹ ẹ́. Àwọn tó mọṣẹ́ jù ló ń kọ́kọ́ lọ, torí àwọn ni ẹlòmíràn ń wá. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni amúnidúró. Lóṣù kẹfà ọdún yẹn, ìjọba Kwara dín ọjọ́ iṣẹ́ kù láti márùn-ún sí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Owó ọkọ̀ ọjọ́ méjì ṣẹ́ kù sápò òṣìṣẹ́. Nígbà tí ọjà dẹnu kọlẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 2009, wọn ò lé àwọn tó mọ ẹ̀rọ lò. Wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ kù, ìjọba sì dí apá kan owó tó dín. Òṣìṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan ló wà lórí ètò náà. Kurzarbeit ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ kúkúrú. Ẹ rí i pé wọn ò wá ọ̀rọ̀ lọ sókè òkun.

Mo tún ìwé ilé búrẹ́dì yẹn kọ, mo fi "owó amúnidúró" sí i. Obìnrin tó ń di búrẹ́dì sí ọ̀rá kà á lẹ́ẹ̀kan, kò bi mí ní ìtumọ̀. Ohun tó bi mí ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé lọ́tọ̀ ni wọ́n á san án ni, àbí wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ owó oṣù?"