Harvey R. Miller

Harvey R. Miller (1933 – Oṣù Kẹrin 2015) jẹ́ agbẹjọ́rò ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó lo ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún nídìí ẹjọ́ gbèsè àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Òun ló ṣáájú àwọn agbẹjọ́rò Lehman Brothers nígbà tí gbèsè tó ju bílíọ̀nù 600 dọ́là lọ gbé báńkì náà dé iwájú adájọ́ lọ́dún 2008. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò tíì rí ẹjọ́ gbèsè tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Brooklyn, ní ìlú New York, ni wọ́n bí i sí. Ó kàwé jáde ní Brooklyn College, ó ṣe iṣẹ́ ológun, ó sì gboyè òfin ní Yunifásítì Columbia lọ́dún 1959. Nígbà yẹn, àwọn iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò tó lórúkọ ń yẹra fún ẹjọ́ gbèsè. Wọn kò kà á sí iṣẹ́ iyì. Iléeṣẹ́ kékeré kan, Seligson & Morris, ni Miller ti kọ́ ọ. Lọ́dún 1969 ó kọjá sí Weil, Gotshal & Manges, ó sì gbé ẹ̀ka ẹjọ́ gbèsè ibẹ̀ ró títí ó fi di ọ̀kan lára èyí tí ayé mọ̀ jù.

Òfin gbèsè tí wọ́n ṣe lọ́dún 1978 ló la ọ̀nà fún un. Lábẹ́ Orí 11 òfin yìí, iléeṣẹ́ tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn lè máa bá òwò rẹ̀ lọ nígbà tó ń bá àwọn olówó, ìyẹn àwọn tó jẹ ní gbèsè, dúnàádúrà. Ọjọ́ tó bá ti gbé ìwé lọ sílé ẹjọ́ ni ọwọ́ gbogbo wọn dúró: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dógò tì í, tàbí kí ó gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀ láìgba àṣẹ adájọ́. Èyí kò pa ẹ̀tọ́ olówó rẹ́; ohun tó ń dènà ni kí ẹni tó kọ́kọ́ dé má baà kó gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà pínpín, ẹni tí wọ́n fi dúkìá dúró fún owó rẹ̀ ló ń ṣáájú lórí dúkìá náà. Àwọn tó ni ìpín nínú iléeṣẹ́ ló máa ń kẹ́yìn.

Ẹjọ́ iléeṣẹ́ epo Texaco fi agbára òfin náà hàn dáadáa. Ilé-ẹjọ́ kan ní Texas ní kí Texaco san owó tó lé ní bílíọ̀nù 10 dọ́là fún Pennzoil, iléeṣẹ́ epo mìíràn, nítorí bó ṣe já Getty Oil gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Òwò Texaco kò bàjẹ́ rárá. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ló fẹ́ rì í. Oṣù Kẹrin 1987 ló sá sábẹ́ Orí 11, Miller sì wà lára àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀. Bílíọ̀nù 3 dọ́là ni wọ́n parí ìjà náà sí. Ó tún ṣiṣẹ́ lórí ẹjọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Eastern Airlines àti ti Macy's, tó ní àwọn ilé ìtajà ńlá.

Lọ́dún 2002 ó kúrò lọ sí iléeṣẹ́ ìdókòwò Greenhill, ó sì padà sí Weil lọ́dún 2007. Lópin ọ̀sẹ̀ tí Lehman wó, ó kìlọ̀ fún àwọn aláṣẹ ìjọba pé bí wọ́n bá ti báńkì náà síwájú adájọ́ láìmúra sílẹ̀, jàǹbá rẹ̀ yóò kárí ọjà owó. Wọn kò gbà. Ìdájí ọjọ́ 15 Oṣù Kẹsàn-án 2008 ni ìwé wọlé, kí ọ̀sẹ̀ náà sì tó parí, adájọ́ ti fọwọ́ sí i kí báńkì Barclays ra òwò Lehman ní Àríwá Amẹ́ríkà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Weil ló gbẹjọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ General Motors rò.

Miller tún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì New York àti ní Columbia. Nígbà tó kú, wọ́n ṣì ń pín owó Lehman fún àwọn olówó.