Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ewéko kan jẹ́ tuntun?

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n rí ewéko tuntun ní Amẹ́ríkà? Ṣé ó ṣì ku èyí tí ẹnìkan kò mọ̀ níbẹ̀ ni?

Òótọ́ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ẹnìkan tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní igbó ọba Big Bend, ní aṣálẹ̀ Texas lẹ́bàá ààlà Mexico, rí ewéko kékeré kan láàárín òkúta. Ó lẹ̀ mọ́lẹ̀, irun funfun bò ó bíi ti àgùntàn. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sórí iNaturalist, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan níbi tí àwọn onímọ̀ ewéko ti máa ń báni dá nǹkan mọ̀. Kò sẹ́ni tó dá a mọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ìyẹn ti tó?

Kò tó rárá. Ewéko tí ọ̀dá mú lè yí padà débi pé ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ní dá a mọ̀ mọ́. Wọ́n ní láti fi wé ewéko gbígbẹ tí wọ́n ti kó pamọ́ láti ọdún pípẹ́, kí wọ́n sì yẹ DNA rẹ̀ wò. Àyẹ̀wò náà fi hàn pé ẹbí ewúro ni, ṣùgbọ́n ó dá yàtọ̀ débi pé wọ́n ya ìran tuntun sọ́tọ̀ fún un: *Ovicula biradiata*. Ọdún 2025 ni àpèjúwe rẹ̀ jáde nínú PhytoKeys, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ewéko. Òfin tí wọ́n fi ń sọ ewéko lórúkọ tún ní kí wọ́n fi ọ̀kan tí wọ́n tẹ̀ gbẹ pamọ́, kó lè jẹ́ ẹ̀rí bí iyàn bá dé lọ́la.

Ìbéèrè: Kí ló pa òun àti ewúro pọ̀?

Ẹ já orí òdòdó ewúro kan, kí ẹ tú u wò. Ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́ òdòdó kan ṣoṣo, òdòdó wẹ́wẹ́ ló kóra jọ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì lè so èso tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni imí-eṣú àti yánrin. Ti Big Bend yìí, àwọn tó wà létí tó na ewé òdòdó síta sábà máa ń jẹ́ méjì péré.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọn kò rí i tẹ́lẹ̀?

Ó kéré, òjò ló sì ń jí i. Bí òjò bá rọ̀, á yọ, á tanná, á so, á kú. Ibi díẹ̀ péré ni wọ́n ti rí i, ọ̀dá sì ń ja aṣálẹ̀ náà. Ó dùn mí pé ewéko lè run kó tó ní orúkọ.

Ìbéèrè: Bí mo bá rí èyí tí kò yé mi ní Nàìjíríà ńkọ́?

Ẹ ya àwòrán òdòdó, ẹ̀yìn ewé àti èso rẹ̀, kí ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i sílẹ̀. Ilé ìkó-ewéko-gbígbẹ-sí wà ní FRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó ti Nàìjíríà, ní Ìbàdàn.